Pákó ìkọ́ṣẹ́ rẹwáyà: àkọsílẹ̀ bí a ṣe kàn án, àti irú ìkùnà tí ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́

Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí ni bí a ṣe ṣe pákó kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹwáyà ń fi kọ́ bí a ti ń wá àìsàn iná ọkọ̀. Pákó náà ní iná iwájú, iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì, táfíkétọ̀ àti họ́ọ̀nù, bí wọ́n ṣe wà lára ọkọ̀ gan-an, ó sì ní àwọn súìṣì kéékèèké lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀gá lè fi dá àìsàn sílẹ̀ láìjẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mọ ibi tí ó fi í sí. Mo kọ ọ́ kí ẹni tí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́, lè ṣe irú rẹ̀. Mo sì kọ ọ́ nítorí pé ìbéèrè kan ń bá wa rìn láti ìgbà tí a ti ra pákó títí di ìgbà tí a fi iná sí i: irú ìkùnà wo ni ó ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́, irú wo ni ó sì ń dá a dúró sójú kan?

Ìdí tí a fi ṣe é

Ara ọkọ̀ oníbàárà ni ọmọ iṣẹ́ rẹwáyà ti ń kọ́ iṣẹ́. Ètò yìí ti pẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí wọ́n mọ iṣẹ́ dáadáa ni ó sì ti inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń le sí i bí ọkọ̀ ṣe ń yí padà. Nígbà tí iná ọkọ̀ kò ju bátìrì, fíúùsì, súìṣì àti waya lọ, àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ kì í sábà ba ohun tí ó ju gílóòbù kan tàbí fíúùsì kan jẹ́. Ní ayé ìsinsìnyí, bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ni ó ń darí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí ó ń ròyìn fún un ni ó sì jẹ́ pé fólìtì 5 péré ni iná tí ó ń lò. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣèèṣì fi waya tí ó gbé fólìtì 12 kan irú ibẹ̀, owó tí a ó fi ra òmíràn lè ju gbogbo owó tí ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sẹ̀ náà lọ. Ọ̀gá tí ó bá mọ èyí yóò ní kí ọmọ iṣẹ́ máa bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú, kí ó máa gbé sípánà wá, kí ó sì máa wòran. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní kùnà, nítorí pé kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó lè bàjẹ́, ọdún á sì máa gorí ọdún.

Ìṣòro kejì ni ohun tí a máa ń pè ní gbà-á-wò. Iná kan kò tàn, ọmọ iṣẹ́ pààrọ̀ fíúùsì, ó pààrọ̀ gílóòbù, ó mi waya jìgìjìgì, iná sì tàn. Inú oníbàárà dùn, ó sanwó, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nínú nǹkan mẹ́ta tí ó ṣe, ọmọ náà kò lè sọ èyí tí ó mú iná padà wá, ohun tí yóò sì ṣe nígbà mìíràn ni pé yóò tún mi waya. Ní tèmi, irú àṣeyọrí yìí burú fún ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ju ìkùnà gidi lọ, nítorí pé ó máa ń pa ẹnu ìbéèrè mọ́. Ẹni tí iná kò tàn fún ṣì ní ohun tí yóò wádìí. Ẹni tí iná tàn fún láìmọ̀dí rò pé òun ti mọ iṣẹ́.

Ohun tí a fẹ́, nígbà náà, ni ibì kan tí ọmọ iṣẹ́ ti lè kùnà lọ́pọ̀ ìgbà lówó pọ́ọ́kú, tí ìkùnà kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ìdí tí a lè fi ọwọ́ kàn. Àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó léwu ju tiwa lọ. Ní ọdún 1929 ni Edwin Link, tí bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe dùùrù ní Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York, fi ẹwìrì àti ẹ̀yà ara dùùrù ṣe àpótí kan tí ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kí ó fi kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfuurufú láìkúrò nílẹ̀. Àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ kà á sí nǹkan kan, ibi ìṣeré ni wọ́n ti ń lò ó. Ní ọdún 1934, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, tí àwọn awakọ̀ sì ń kú nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, ni ìjọba wá ra àpótí Link. Ẹni tí ó bá já lulẹ̀ nínú àpótí yẹn yóò dìde, wọn yóò sì bi í pé kí ni ó rí lójú àwọn mítà tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó já. Ẹni tí ó já lulẹ̀ lójú sánmà kò ní ẹni tí yóò bi í.

Kíkan pákó àti títo iná

Páláìwúùdù tí ó nípọn ni a lò, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Káfíńtà bá wa fi ẹsẹ̀ sí i kí ọmọ iṣẹ́ lè nàró síwájú rẹ̀, kí ọ̀gá sì lè rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni a ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ní ọjà Gate ní Ìbàdàn: ilé iná iwájú méjì, ilé iná ẹ̀yìn méjì, súìṣì táfíkétọ̀, fíláṣà tí ó ń mú kí táfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú, rílè mẹ́ta (súìṣì tí iná kékeré ń tẹ̀ kí iná ńlá lè kọjá), họ́ọ̀nù kan, àti àpótí fíúùsì tí wọ́n gé lára ọkọ̀ tí ó ti kú. A mọ̀ọ́mọ̀ ra àpótí fíúùsì àlòkù, nítorí pé èyí tí ọmọ iṣẹ́ yóò bá pàdé lára ọkọ̀ náà nìyẹn, pẹ̀lú ìpẹtà àti ike rẹ̀ tí ó ti gbó.

Bátìrì fólìtì 12 ni ó ń gbé iná fún un. Tí ó bá kún dáadáa, tí kò sì sí ẹrù lórí rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ń lo iná rẹ̀, mítà tí a fi ń wọn fólìtì yóò ka nǹkan bíi 12.6. A to waya pẹ̀lú àwọ̀ tí ó yàtọ̀ síra wọn, a sì jẹ́ kí gbogbo oríkèé wà ní gbangba lójú pákó, kí a lè fi ẹnu mítà kan èyíkéyìí nínú wọn láìbó waya. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú pákó yìí dúró lórí ohun kékeré yìí. Nínú ọkọ̀, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù ni oríkèé wà, ọmọ iṣẹ́ kì í sì í rí àárín ọ̀nà. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan ni ó ń rí, ìyẹn súìṣì tí ó tẹ̀ àti gílóòbù tí kò tàn. Ìkùnà tí ènìyàn kò lè rí àárín rẹ̀ kò lè sọ fún un ju pé ó kùnà lọ.

Fíúùsì ni ó fún wa ní iṣẹ́ jù. Bí waya méjì tí kò yẹ kí ó pàdé bá pàdé, èyí tí a ń pè ní ṣọ́ọ̀tì, fíúùsì yóò já, ohun gbogbo yóò sì dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ yóò fi òmíràn sí i, ìyẹn náà yóò já. Owó ń lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó burú jù ni pé ẹ̀rí ń lọ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí fíúùsì bá já, kò sí iná tí a lè fi wá ibi tí ṣọ́ọ̀tì wà mọ́. A wá so gílóòbù iná iwájú, oníwáàtì 55, mọ́ ojú ọ̀nà tí iná ń gbà kúrò ní bátìrì, a sì fi fíúùsì áńpíà 15 kan sílẹ̀ lẹ́bàá bátìrì fún ààbò. Nígbà tí iná kékeré nìkan bá ń ṣiṣẹ́ lórí pákó, gílóòbù yìí kò ní tàn dáadáa, kò sì ní dí iná lọ́wọ́ púpọ̀. Bí ṣọ́ọ̀tì bá ṣẹlẹ̀, òun ni yóò gba gbogbo iná náà sára, yóò sì tàn yòò. Kò sí ohun tí yóò jó. Títàn rẹ̀ yóò máa wà níbẹ̀ títí ọmọ iṣẹ́ yóò fi rí ibi tí waya ti pàdé, yóò sì kú ní kété tí ó bá yà wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ lè tú ìdajì waya sílẹ̀ kí ó wò ó bóyá gílóòbù ńlá kú. Bí kò bá kú, ìdajì kejì ni àìsàn wà, yóò sì tún pín ìyẹn sí méjì. Àṣìṣe tí ó máa ń parí nínú èéfín àti ìdákẹ́rọ́rọ́ tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ títí a fi dá a lóhùn.

Àwọn àìsàn tí a gbìn

Lẹ́yìn pákó, a kan àpótí kan tí ó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, inú rẹ̀ ni àwọn súìṣì ọ̀gá wà. Èkíní ń gé waya tí ó ń lọ sí iná bíréèkì. Èkejì ń gé ẹ́ẹ̀tì ilé iná ẹ̀yìn, ìyẹn waya tí ó ń dá iná padà sí orí òdì bátìrì. Èyí máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu: bí a bá tẹ bíréèkì, iná táfíkétọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn yóò máa tàn fírífírí, nítorí pé iná tí kò rí ọ̀nà tirẹ̀ padà sílé yóò gba inú gílóòbù táfíkétọ̀ ẹ̀yìn kọjá, yóò sì wá ẹ́ẹ̀tì ti iwájú lọ. Ẹ̀kẹta ń gé ojú rílè tí ó ń gbé iná kọjá, nítorí náà rílè yóò dún kẹ̀ bí ó ti yẹ, síbẹ̀ iná iwájú kò ní tàn. Òmíràn ń dá ṣọ́ọ̀tì sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni gílóòbù oníwáàtì 5 tí a fi pamọ́ sínú àpótí náà, tí a so mọ́ ojú ọ̀nà iná bíréèkì ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dúró fún oríkèé tí ó ti dógùn-ún, èyí tí ó ṣì ń jẹ́ kí iná kọjá ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ó kọjá tó. Gílóòbù bíréèkì jẹ́ oníwáàtì 21, ó sì nílò iná áńpíà 1.75 kí ó tó tàn dáadáa. Gílóòbù tí ó wà ní ìpamọ́ kò lè jẹ́ kí ó ju bíi áńpíà 0.4 lọ kọjá, nítorí náà ti bíréèkì kò ní tàn rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá yọ gílóòbù bíréèkì tí ó sì fi mítà kan ilé rẹ̀, fólìtì 12.6 ni yóò kà, torí pé mítà kì í fa iná tó ohun tí a lè kà sí. Ẹ wo páìpù omi tí ìdọ̀tí dí: bí ẹ bá ti ẹnu ẹ̀rọ, omi inú rẹ̀ yóò le dáadáa, àfi ìgbà tí ẹ bá ṣí i tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó-tó-tó.

Ọmọ iṣẹ́ kan tí ó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ wa ni mo kọ́kọ́ fi àìsàn yìí síwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, kò tàn. Ó yọ gílóòbù, ó fi mítà kan ilé rẹ̀, ó rí 12.6, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé gílóòbù ti jó. Ó fi tuntun sí i, kò tàn. Ó tún mú òmíràn, kò tàn. Ó bojú wo mí, ó ní, “Ọ̀gá, mítà ní iná wà níbẹ̀ o.” Mo ní kí ó fi gílóòbù sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, kí ó wá fi mítà kàn án láti ẹ̀yìn nígbà tí bíréèkì wà ní títẹ̀. Mítà kò ka fólìtì 1 pé. Ó yọ ẹnu mítà, ó fi kan bátìrì láti mọ̀ bóyá mítà náà ló ń purọ́, bátìrì ka ohun tí ó yẹ kí ó kà, ó tún padà wá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bèèrè pé, “Ọ̀gá, ibo ni iná tó kù wà?”

Ìbéèrè yẹn ni iṣẹ́ rẹwáyà. Mi ò dá a lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹnu mítà padà sẹ́yìn láti oríkèé dé oríkèé, títí ó fi dé ibi tí ẹ̀gbẹ́ kan ti ka fólìtì 12 tí ẹ̀gbẹ́ kejì kò sì ka ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àpótí tí mo sì fi gílóòbù kékeré tí ń tàn nínú òkùnkùn hàn án, tí a sì jọ sọ̀rọ̀ nípa ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa wọn fólìtì nígbà tí ẹrù bá wà lórí iná.

Ọ̀rọ̀ lórí kí a kọ́kọ́ kùnà kí a tó kọ́ ọ

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ pé ó yẹ kí n ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fólìtì àti ẹrù fún un kí ó tó fọwọ́ kan pákó. Mo gba tiwọn rò dáadáa. Ohun tí ó mú mi dúró lórí ètò tiwa ni iṣẹ́ ìwádìí Manu Kapur, ẹni tí ó ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní Singapore kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ETH ní ìlú Zurich ní Switzerland. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò tí a kò tíì kọ́ wọn, wọ́n jà á raburabu, púpọ̀ nínú wọn kò sì rí ọ̀nà tí ó tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni olùkọ́ wá kọ́ wọn, ó sì fi ohun tí àwọn fúnra wọn ti gbìyànjú ṣe àlàyé. Nígbà tí ó fi wọ́n wé àwọn tí a kọ́kọ́ kọ́ kí wọ́n tó ṣe ìṣirò, àwọn méjèèjì mọ ìlànà ìṣirò náà ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ kùnà lóye ìdí rẹ̀ jù, wọ́n sì lè gbé e lọ sórí ìṣòro tí wọn kò rí rí.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, tí mo sì rò pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù: ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé ìkùnà náà ní kíákíá. Kapur kò fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ kí wọ́n máa bá a lọ. Ọ̀gá tí ó bá ju ọmọ iṣẹ́ sínú iṣẹ́ tí kò mọ̀, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, tí ó ń sọ pé ìyà ni yóò kọ́ ọ, kò ṣe ohun tí ìwádìí yìí ṣe. Ìyà lásán kò ní ohùn tí yóò fi sọ ibi tí àṣìṣe wà.

Láti inú èyí ni a ti ṣe òfin pé àìsàn kan ṣoṣo ni a ó máa gbìn lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí kò tíì lè tọ́ka ibi tí ó wà. Bí àìsàn méjì bá wà pọ̀, ọmọ iṣẹ́ lè tún ọ̀kan ṣe dáadáa, kí iná má sì tàn síbẹ̀, yóò sì gbà pé ohun tí ó ṣe, tí ó tọ̀nà, kò tọ̀nà. Ìkùnà yóò wá kọ́ ọ ní irọ́.

Ìwé àbá

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó ni ìwé kan wà tí a fi okùn so mọ́ ọn. Kí ọmọ iṣẹ́ tó fi ẹnu mítà kan ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan mẹ́ta: ibi tí ó rò pé àìsàn wà, iye tí ó rò pé mítà yóò kà bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni, àti bí ó ṣe dá a lójú tó, láti 1 dé 5. Wọ́n kọ́kọ́ ń ráhùn pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó ń fà á sẹ́yìn lóòótọ́, ìdí tí a fi fi í síbẹ̀ nìyẹn, nítorí pé gbà-á-wò kò lè yára kọjá lára bírò.

Nọ́ńbà ìdánilójú yẹn wúlò ju bí mo ti rò lọ. Ní ọdún 2001, Brady Butterfield àti Janet Metcalfe ti yunifásítì Columbia bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè ìmọ̀ gbogbogbòò, wọ́n ní kí wọ́n sọ bí ìdáhùn wọn ti dá wọn lójú tó, wọ́n sì sọ ìdáhùn tí ó tọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n, àṣìṣe tí ó dá wọn lójú jù ni wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ jù. Ènìyàn lè rò pé èyí tí ó ti wọ̀ wá lára ni yóò ṣòro láti tú, ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu ni ó ń mú kí etí ṣí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó kọ 5 síwájú “gílóòbù ti jó” kò tún fi mítà kan ilé gílóòbù òfìfo mọ́. Ẹlòmíràn tí ó ṣe àṣìṣe kan náà, ṣùgbọ́n tí ó kọ 1, tún ṣe é lẹ́yìn náà bí ẹni pé kò ṣe é rí, nítorí pé kò fi ohunkóhun dúró nígbà àkọ́kọ́.

Ariwo, ìtìjú, àti ẹni tí ó ń wò

Pákó lè dára kí ọ̀rọ̀ ẹnu bà á jẹ́. Nínú ọgbà mẹ́káníìkì, ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ṣe àṣìṣe a máa gbọ́ èébú, òmíràn a máa jẹ ìgbátí, àwọn tí ó wà láyìíká a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá wa tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ọmọ mọ iṣẹ́. Bí ọwọ́ ọmọ bá fẹ́ kan ohun tí yóò jó o, èmi náà yóò pariwo. Ṣùgbọ́n ní ìdí pákó, a fi òfin de é, àlàyé rẹ̀ sì nìyí.

Lauren Eskreis-Winkler àti Ayelet Fishbach ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Wọ́n bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè tí ìdáhùn méjì péré wà fún. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó gbà á mọ ìdáhùn, ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó kùnà náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí kì í bá ṣe èyí, ìyẹn ni. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n kùnà kò kọ́ tó àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n gbà á. Ọkàn wọn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó ń dùn wọ́n. Nígbà tí ó jẹ́ ìkùnà ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò, wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ dáadáa.

A tún pákó tò nítorí ìyẹn. Àwọn méjì ni ó ń dúró síwájú rẹ̀ báyìí: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń kọ ìwé àbá bí ẹni àkọ́kọ́ ti ń sọ ọ́, wọ́n sì ń gbapò ara wọn. Ẹni tí ó ń kọ̀wé kò ní ojú kankan láti gbà, nítorí náà ó sábà máa ń rí ibi tí èrò ẹni kejì ti yà kúrò lọ́nà kí ẹni náà tó rí i. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú kí ó lè mọ ẹni tí ó rí òun. Bí kò bá sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà yóò lè bojú wẹ̀yìn wo ohun tí ó gbé òun ṣubú.

Ti ìgbátí léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1967, Martin Seligman àti Steven Maier ní yunifásítì Pennsylvania fi àwọn ajá kan sí ibi tí iná ti ń gbé wọn láìsí ohun tí wọ́n lè ṣe láti dá a dúró. Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ sí ibòmíràn tí ó jẹ́ pé kí wọ́n sáà ti fò kọjá ìdènà kékeré kan ni, púpọ̀ nínú wọn kò gbìyànjú rẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀. Ní ọdún 2016 ni àwọn méjèèjì náà tún kọ̀wé pé ìwádìí lórí ọpọlọ ti yí àlàyé wọn àtijọ́ padà: dídùbúlẹ̀ kọ́ ni àwọn ajá náà kọ́, ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí ìyà bá pẹ́ nìyẹn. Ohun tí ẹ̀dá máa ń kọ́ ni pé ọwọ́ òun lè yí nǹkan padà, ìmọ̀ yẹn ni ó sì ń gbé e dìde. Èyí wọ̀ mí lára púpọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń lù bí ó bá ṣe é, tí wọ́n tún ń lù bí kò bá ṣe é, kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé ọwọ́ òun já mọ́ nǹkan kan.

A rí díẹ̀ nínú rẹ̀ láìsí ìgbátí pàápàá. Ọmọ kan wà tí ó ṣe pé àìsàn tí ó le jù fún un ni ó ń bá pàdé léraléra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ “mi ò mọ̀” sínú ìwé àbá, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Ẹni tí kò bá dá àbá kò lè ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọ́ nǹkan kan. A dá a padà sí waya tí a gé lásán, èyí tí ó mọ ibi tí yóò gbà wá, a sì ń mú kí àìsàn máa le sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ibi tí ó fura sí. Àbá àkọ́kọ́ tí ó tún kọ kò tọ̀nà, inú mi sì dùn sí i púpọ̀.

Ohun tí a kò fi sórí pákó

Àwọn nǹkan kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ìkùnà kọ́ ẹnikẹ́ni. Waya ápọ̀ afẹ́fẹ́ tí ó máa ń bẹ́ síta nígbà ìjàǹbá, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi ike aláwọ̀ ìyeyè dì lórí, jẹ́ ọ̀kan. Sípánà tí a gbé dábùú orí méjèèjì bátìrì kan jẹ́ òmíràn, àti títa iná lẹ́bàá bátìrì tí a ń cháàjì, nítorí pé gáàsì tí ó ń jáde lára rẹ̀ lè bú. Àwọn wọ̀nyí ni a ń sọ ní tààrà, tí a ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, tí a sì ń mú ọmọ iṣẹ́ sọ ọ́ padà fún wa kí ó tó gbé sípánà. Ẹni tí ó bá kọ́ wọn nípa àṣìṣe lè máà ní ojú tí yóò fi ka mítà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Apá tí a ń ṣe lọ́wọ́ báyìí ni ti àláńtánétọ̀, ẹ̀rọ tí ó ń cháàjì bátìrì. Ó nílò mọ́tò iná tí yóò máa yí i, bẹ́líìtì, àti ìbòrí irin tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kó sí i. Fólìtì 13.8 sí 14.4 ni a ń retí kí mítà kà lórí bátìrì bí ó bá ń gba cháàjì dáadáa, àìsàn tí a sì fẹ́ kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì tí kò dára láàárín ara àláńtánétọ̀ àti bátìrì, èyí tí ó máa ń mú kí àwọn ènìyàn pààrọ̀ àláńtánétọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò tíì fẹnu kò lé lórí ni bí ó ti yẹ kí ọ̀gá pẹ́ tó kí ó tó sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá há. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a gbé aago síbẹ̀. Èmi ń wo ìwé àbá: níwọ̀n ìgbà tí àbá tuntun bá ṣì ń wọlé, tí ó sì yàtọ̀ sí ti ìṣáájú, mo máa ń pa ẹnu mi mọ́. Bí ọmọ bá kọ àbá kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń bi í ní ìbéèrè kan lórí ohun tí mítà kà kẹ́yìn. A ti gbà láti máa lo ọ̀nà méjèèjì lórí apá àláńtánétọ̀, kí a sì máa kọ èyí tí a lò sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.